Àràbà Broukro àti Oṣù Tí Mi Ò Rí

Irùngbọ̀n mi kò tíì ní ewú kan ṣoṣo, síbẹ̀ mo jókòó, mò ń kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi bí arúgbó. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin àbúrò mi. Orúnkún ló máa ń lé àwọn ẹlòmíràn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi, àyà ni. Òwú tí mo ti ń fà símú láti kékeré ti jókòó sínú mi, dókítà ọpitá sì sọ pé bí mo bá tún wọ yàrá tí wọ́n ti ń nà án, kí n má wá bá òun mọ́. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ìwé tí mo kà ní ekólù, ilé ìwé àwọn Faransé, kò pọ̀, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, bóyá ẹ máa rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Iṣẹ́ tìmùtìmù ni mo ṣe, èyí tí à ń tẹ́ sórí ibùsùn, tí àwọn Faransé ń pè ní mátẹlá. Òwú àràbà la fi ń kì í. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Bouaké. Ó mọ Bàbá Sálíù, ọ̀gá tó ń ṣe tìmùtìmù, nítorí pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì. Ó mú mi lọ sí àdúgbò rẹ̀ ní Dougouba láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Ọmọ rẹ rè é,” ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Owó tí mo gbà láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn kò tó nǹkan à ń sọ. Oúnjẹ ni mo jẹ, mo sì jẹ ẹ́ dáadáa.

Àwọn tó ń sùn lórí tìmùtìmù kì í béèrè ibi tó ti wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso àràbà máa ń gbó. Bí èso náà bá gbẹ tó sì là, òwú funfun á máa yọ jáde nínú rẹ̀, òwú tó fúyẹ́ débi pé bí o bá mí sí i, ó ti lọ. Kò ṣeé ran, kò ṣeé hun, kíkì nìkan ló dára fún. A ó gun igi lọ, a ó fi ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lórí já èso náà kí afẹ́fẹ́ tó bá wa pín in. A ó sá a, a ó yọ kóró inú rẹ̀, a ó fi ọ̀pá nà án títí yóò fi wú, kí a tó kì í sínú aṣọ.

Yàrá tí a ti ń nà án kò gbọdọ̀ ní fèrèsé tó ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru Bouaké, ẹ ro ìyẹn wò. Èmi àti Ràímì, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́, la jọ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan Ràímì sín, òwú gbéra nílẹ̀, ó bò wá, a wá dà bí adìẹ tó bọ́ sínú ẹ̀lùbọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá Sálíù ní kí èmi ṣa gbogbo òwú tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ní èmi kọ́ ni mo sín. Ó ní òun mọ̀, ẹ̀rín mi ló gbé e dé òkè àjà.

Bí ó ṣe le nìyẹn. Ọkùnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ọmọ tó ti sùn sọ̀rọ̀ lọ, òwú sì máa ń wà nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Kò nà wá rí. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá kì tìmùtìmù ni yóò kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ á bọ́ fìlà, á dùbúlẹ̀, á sì di ojú. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbọ́ kóró kan péré, a ó tú gbogbo ojú rírán. A ó dúró tì í bí ẹni dúró ti aláìsàn. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní mọ̀ bóyá kóró ló ń wá ni àbí ó ti sùn lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Adìjá, á yọjú láti inú ilé ìdáná, á ní, “Ó ti ń hanrun. Ẹ lọ fi omi bọ́jú, iṣẹ́ yín dára.”

Òfin tó wà lórí igi gígùn ló wá le jù. Igbà ni a fi ń gun àràbà títí a ó fi dé ibi tí ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀, okùn líle kan náà tí àwọn akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ ni. Kí o tó fi igbà kọ́ igi, o gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnu rẹ sì máa ka Fátíhà bí ọwọ́ rẹ ṣe ń lọ. Bàbá Sálíù kò gbà kí a ka Fátíhà láì yẹ igbà wò, kò sì gbà kí a yẹ igbà wò láì ka Fátíhà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé nínú méjèèjì, èwo gan-an ló ń gbé èèyàn dúró lókè. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi kan sókè, kí n máa fi ìkejì nìkan rìn lọ sọ́jà, kí n wá jábọ̀ fún òun.

Nígbà yẹn, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù. Nílé wa, wọ́n ti sọ fún wa pé ìwin ń gbé inú àràbà, àwọn Baoulé, ọmọ onílẹ̀ tó ni igi náà, sì ń sọ ohun tó jọ ọ́. Bàbá Sálíù á kí onígi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, á wá yíjú sí wa, á ní ẹni tó dá àràbà ló dá ìwin, kí a má jẹ́ kí ẹ̀dá kan fi ẹ̀dá kan dẹ́rù bà wá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo fẹ́ràn òkè. Bí àwọn tó ń kọjá bá kí mi pé, “Igbà á rọ̀ o,” orí mi á wú bí òwú tí a nà.

Ẹ̀bá ọ̀nà Botro ni nǹkan ti bàjẹ́. Ràímì ló wà lórí igi lọ́jọ́ náà, èmi ń kó èso jọ nísàlẹ̀. Ojú mi ló ṣe yẹ igbà wò, etí mi ló gbọ́ Fátíhà rẹ̀. Kò fo ohunkóhun. Ó gun igi, ó dé orí ẹ̀ka, ó na ọ̀pá sí èso kan, ẹ̀ka náà sì kán lábẹ́ rẹ̀. Igi àràbà tóbi lójú, ṣùgbọ́n kò lágbára nínú. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀. Ohùn rẹ̀ kò jáde rárá, ẹ̀ka tó kán yẹn nìkan ló pariwo.

Kamiọ̀ kan tó kó iṣu bọ̀ láti Botro ló gbé wa dé ọpitá. Ìbàdí rẹ̀ ló fọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì ń tiro títí di òní, ṣùgbọ́n kò kú, ẹnu rẹ̀ náà kò kú. Nígbà tí a lọ wò ó, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kóró pọ̀ nínú tìmùtìmù ọpitá, kí Bàbá Sálíù lọ bá dókítà wí. Bàbá Sálíù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, omi náà kò sì tètè dá.

Ràímì kò gun igi mọ́. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí Bàbá Sálíù ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, òun ló wá ń rán aṣọ tìmùtìmù, iṣẹ́ tí a ti ń fi irin kẹ̀kẹ́ tí a pọ́n lẹ́nu ṣe tẹ́lẹ̀. Òkè wá di tèmi nìkan.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, mo yẹ igbà wò, mo ka Fátíhà, mo fi igbà kọ́ igi, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀. Kì í ṣe pé mo rò ó. Ẹsẹ̀ ló kọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n èmi, ẹlòmíràn ni ejò bù jẹ lójú mi. Bí ó bá jẹ́ igbà ló já, ǹ bá rí ohun tí mo máa bá wí. Bí ó bá jẹ́ pé Ràímì gbàgbé àdúrà ni, ǹ bá ní èmi kò ní gbàgbé. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ pé, ó sì já bọ́. Kí ló wá kù tí èèyàn máa fara tì?

Bàbá Sálíù na ọwọ́ sí mi. Ó gba igbà lọ́wọ́ mi, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gun igi náà fúnra rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ó tún ṣe é ní èyí tó tẹ̀ lé e. Mo máa ń dúró nísàlẹ̀, mo máa ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà náà bó ṣe ń wá ibi tẹ̀ sí lára igi. Ojú yẹn ṣì máa ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Gbogbo Dougouba ló mọ̀. Ràímì ní, “Èmi tí mo já bọ́ ni mò ń sùn, ìwọ tí o dúró nílẹ̀ wò mí ni ò ń lálàá.” Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dára ta mí nídìí. Òun nìkan ló lè fi ṣeré láìdùn mí.

Mo gbàdúrà. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó mú ẹ̀rù náà kúrò. Nígbà tó pẹ́ tí kò kúrò, mo lọ bá Bàbá Sálíù níbi tó ti ń ṣa kóró, mo sọ fún un pé mo ti bẹ Ọlọ́run títí, ẹ̀rù náà sì wà níbẹ̀.

Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé yóò mú un kúrò?”

Mo jókòó tì í, mo bá a ṣa kóró.

Ó ní, “Bóyá Ó fẹ́ kí o gbé e gun igi ni.” Ó sì ń ṣa kóró rẹ̀ lọ.

Ní ọdún yẹn, àwẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rántí pé rírí ni à ń rí oṣù kí a tó túnu. Ọdún tó ṣáájú, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú kamiọ̀, ó ní wọ́n ti rí oṣù ní Botro. A gbà á gbọ́, a dáná, a kírun ọdún. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò rí oṣù kankan ní Botro, ebi ló pa ọkùnrin náà. Àwọn Dioula, Mùsùlùmí bíi tiwa, fi wá rẹ́rìn-ín lọ́jà, wọ́n ní oṣù àwọn Anango, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, máa ń wọ kamiọ̀. Gbogbo wa la san àwẹ̀ ọjọ́ náà padà. Nítorí náà, Lèmọ́mù wa ní lọ́dún yìí, òun kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Nígbà tí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n pé, èéfín oko tí wọ́n ń jó bo ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run. Ẹni tó bá dúró nílẹ̀ kò lè rí nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́, Lèmọ́mù kó wa lọ sí ìparí àdúgbò Broukro, níbi tí àràbà kan wà tó ga ju gbogbo igi àdúgbò lọ, ó sì bi Bàbá Sálíù bóyá ó máa ṣeé gùn. Bàbá Sálíù ní kò sí wàhálà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé Ràímì lọ́wọ́. Àgbàlagbà ni, ó ti gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, mo sì rí i tó di igi mú kó tó lè nàró.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ.”

Kò bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó gbé igbà fún mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò, mo ka Fátíhà, mo kọ́ ọ. Nígbà náà ni mo rántí ohun tó sọ fún mi, mo sì gbé ẹ̀rù náà lọ́wọ́ bí ẹrù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún Ọlọ́run, ní Yorùbá, torí Lárúbáwá tí mo mọ̀ ti tán. Mo ní, “Ọlọ́run, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n o. Ọlọ́run, mo ti wò nísàlẹ̀, kò yẹ kí n wò. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ka yìí máa gbé mi. Ìwọ mọ̀. Bí kò bá ní gbé mi, ọwọ́ Rẹ náà ni mo máa bọ́ sí.” Báyìí ni mo ṣe ń rojọ́ títí mo fi kúrò lórí igbà, tí mo dé orí ẹ̀ka. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ń lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé gbogbo wọn gbọ́ ọ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, àwọn àgbà, àwọn obìnrin, àti bàbá Baoulé tó ni igi, tí kò gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ẹ̀rín náà pamọ́ di ọjọ́ ọdún.

Ẹ̀rù náà kò kúrò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ó bá mi gòkè, ó bá mi jókòó lórí ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń darí mi mọ́.

Mo rí gbogbo Bouaké: páànù tó ń dán, ọ̀nà Botro tó pọ́n lọ bí okùn, èéfín ọkọ̀ ojú irin. Oòrùn ti wọ̀. Mo wo ìwọ̀ oòrùn, lókè èéfín oko, mo sì rí i. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, ó tẹ̀ kọdọrọ, bí oṣù tuntun ṣe máa ń rí. Mo la ẹnu. Nísàlẹ̀, ẹnìkan ti rí i pé mo na ọrùn, ó sì ti kígbe pé ó rí i, ó rí i. Àwọn ọmọdé gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Mo yí orí díẹ̀ kí n lè di ẹ̀ka mú dáadáa, oṣù náà sì bá mi yí. Mo tún yí, ó tún bá mi yí. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Òwú ni. Fọ́nrán òwú àràbà kan ló lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú mi, tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ mú un. Mo tún wo ojú ọ̀run. Kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀rù mìíràn wá mú mi lórí igi yẹn, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti ń dì mọ́ ara wọn nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé Ìyá Adìjá ti pa adìẹ. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọ̀rọ̀ tí mò ń bá Ọlọ́run sọ ni, ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lẹ́nu mi. Báwo ni mo ṣe máa fi ẹnu kan náà purọ́?

Mo ké sísàlẹ̀ pé, “Mi ò rí i.”

Ariwo dá. Lèmọ́mù gbé ojú sókè, ó bi mí bóyá èéfín ló bò ó ni àbí kò sí rárá.

Mo ní, “Mi ò mọ̀, Àfáà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò rí i.”

Ó ní a ó gbààwẹ̀ lọ́la.

Sísọ̀ rọrùn ju ojú àwọn èèyàn lọ. Ìyá Adìjá ní kí n wá kọ́ adìẹ náà bí yóò ṣe jí padà. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Kò-Róṣù, orúkọ náà sì mọ́ mi lára. Bàbá Sálíù gba fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ Ràímì, ó dé e, ó sì ká igbà náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe é fún ọmọ iṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gun igi. Ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń gbé ẹ̀rù mi gòkè, tí mo sì máa ń gbé e sọ̀. Bàbá Sálíù fún mi lómìnira, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Broukro, títí ikọ́ fi dé. Ní báyìí wọ́n ti ń kó tìmùtìmù kan wá láti Abidjan, tó rí bí búrẹ́dì, tí kò ní kóró, tí kò sì sẹ́ni tó gun igi nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá yàn, ẹ wádìí ohun tó máa ń bani lẹ́rù nínú rẹ̀ kí ẹ tó wádìí owó rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí kò ní àràbà tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò tíì sọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, oṣù yọ. Kò sẹ́ni tó gun igi, gbogbo ayé ló rí i láti ilẹ̀. Ó ga, ó sì sanra. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n wo ara wọn, ẹnìkan sì sọ jẹ́jẹ́ pé oṣù yìí jọ ti ọjọ́ méjì. Mo gbọ́ ọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti wà lókè lánàá, lẹ́yìn èéfín, èmi ni mo sì mú kí gbogbo ìlú gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún.

Nígbà tí a jókòó láti ṣínu, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Bàbá Sálíù kì í bá ọmọ iṣẹ́ jẹun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó fa abọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo sọ fún un. Mo ní, “Bàbá, bí ó bá jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ tí mi ò rí i ńkọ́?”

Ó jẹ òkèlè kan tán. Ó ní, “Ohun tí ojú rẹ rí ni Ọlọ́run máa bi ọ́. Kò ní bi ọ́ ní ohun tí Òun fúnra Rẹ̀ fi pamọ́.”

Mo ṣì máa ń rò ó. Bí oṣù tuntun bá lé, mo máa ń wò ó, mo máa ń bi ara mi léèrè, mi ò sì rí èsì. Mo ti fi sílẹ̀ fún Ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Sálíù mú itan adìẹ nínú ọbẹ̀, ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n jẹun. Mo jẹ ẹ́.